Bàtà Ẹnu Ọ̀nà Iskra

Ìpàdé ará ilé ni Nevena ti kọ́kọ́ rí Stamen, ìjà ni wọ́n sì fi pàdé. Ọ̀rọ̀ ẹyẹlé ni. Nevena ní kí wọ́n yé fún ẹyẹlé lóúnjẹ lójú fèrèsé. Stamen, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, ní kí ni ẹyẹlé ṣe fún un. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí Bàbá Gavril, olórí ilé, fi ní kí àwọn méjèèjì lọ parí ẹ̀ níta. Wọ́n lọ parí ẹ̀ lóòótọ́. Kọfí ni wọ́n fi parí ẹ̀, ìfẹ́ sì wọ àárín wọn.

Nígbà tó yá, Stamen gbé òdòdó àti ọtí rákíà wá kí Màmá Dona, ìyá Nevena. Màmá gba ọtí, wọ́n sì gbà fún un. Ṣùgbọ́n bó ṣe jáde báyìí, wọ́n ní, "Ọmọ dáadáa ni. Àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Máa ṣọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ Nevena lọ́kàn látìgbà tí Iskra ti gbalé sókè pátápátá. Iskra rẹwà, ó ń dá gbé, kì í sì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Kí ni òjòwú tún ń wá?

Láàárọ̀ Sátidé kan, Nevena gbé aṣọ lọ sá sókè, ló bá rí bàtà ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà Iskra. Gbogbo ará ilé ló ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n okùn bàtà ẹsẹ̀ kan dúdú, ti èkejì pupa rúsúrúsú. Nevena fúnra ẹ̀ ló ra okùn dúdú yẹn fún Stamen nígbà tí tàtijọ́ já.

Kò bi Stamen. Òjòwú kì í béèrè ohun tó rò pé òun ti mọ̀. Nígbà tí Stamen pè é ní "Nevena tèmi," ó ní, "Èmi àti ta ni?" Ó pa ilẹ̀kùn dé. Ìpàdé ló ń dúró dè.

Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, oníkálukú pẹ̀lú àpótí ìjókòó ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ ariwo ọmọdé tán, Nevena dìde.

"Ẹ̀yin ará ilé, bàtà ti pọ̀ jù lórí àtẹ̀gùn, ó sì ń rùn. Kí kálukú kó tiẹ̀ wọlé. Èyí tá a bá bá níta, ká dà á sí ààtàn."

Ọwọ́ àwọn tó fara mọ́ ọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Iskra ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi sílẹ̀ níbẹ̀."

Nevena ní, "Tìẹ kẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ mà tóbi o, Iskra." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. "Àbí ká ní kí ẹni tó ni ín wá wọ̀ ọ́? Ó kúkú jókòó síbí."

Gbogbo ojú yí sí Stamen. Ó ní, "Nevena, jọ̀ọ́, jẹ́ ká sọ ọ́ nílé."

"Ilé ta ni? Tèmi àbí ti Iskra?"

Màmá Dona fọwọ́ bojú. Ojú Iskra ni Stamen ń wò, bí ẹni tó ń tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀, ìwò yẹn sì dun Nevena ju bàtà lọ.

Iskra dìde. "Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní bàtà tó ti gbó. Ọkọ tí mo kọ̀ sílẹ̀ ń wá mi kiri. Ó ń lù mí tẹ́lẹ̀. Ó ti gòkè wá síbí lẹ́ẹ̀kan, ó rí bàtà ọkùnrin, ó yí padà. Mo ní kí Stamen má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ohun tí gbogbo ilé bá ti mọ̀, òun náà á gbọ́. Stamen ò wọlé mi rí. Ẹ ti wá mọ̀ báyìí."

Ojú ti Nevena débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí.

"O ò lè sọ fún èmi?" ó bi Stamen.

"Mo ti ṣèlérí fún un. Mo sì rò pé tó o bá rí nǹkan, wàá bi mí."

Nevena yíjú sí olórí ilé. "Bàbá Gavril, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Bàbá Gavril ní kí gbogbo wọn sọ ọwọ́ kalẹ̀, pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ yìí, àtẹ̀gùn ni kó sùn sí.

Màmá Dona dìde, wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé bàtà olóògbé ọkọ wọn jáde, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. "Okùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti tú àṣírí ti Stamen," wọ́n sọ fún ọmọ wọn. "Ẹsẹ̀ bàbá rẹ tóbi ju tiẹ̀ lọ. Gbé e lọ, kó o sì bẹ Iskra."

Nevena gbé e gòkè. Ó kúnlẹ̀, ó tò ó sẹ́nu ọ̀nà, ó mú ti Stamen kúrò, ó ní, "Má bínú sí mi, Iskra." Iskra ní, "O ṣé," ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Nevena sì mọ̀ pé ìwọ̀nba tó tọ́ sí òun nìyẹn.

Stamen dúró dè é nísàlẹ̀. Nevena to bàtà okùn méjì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà tara ẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà ilé òun fúnra ẹ̀, kí gbogbo ilé lè rí i.

"O ṣì ń jowú," Stamen wí.

"Mo ń jowú. Wọlé."