Pírójẹ́tọ̀ Tó Sùn sí Ṣọ́ọ̀ṣì

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, inú Mákánjúọlá dùn débi pé orin ló ń kọ nínú ọkọ̀ láti ilé wọn ní Thomas Estate títí dé ọ́fíìsì wọn ní Ajah. Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó gbé páálí kan lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Pírójẹ́tọ̀ ló wà nínú páálí náà, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán inú kọ̀ǹpútà sára ògiri kí gbogbo èèyàn lè rí i.

Iṣẹ́ tọkọtaya yìí ni láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọn kò ṣe ní fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí fẹ́ gbé iṣẹ́ fún wọn, aṣojú rẹ̀ sì ń bọ̀ láàárọ̀ yẹn láti wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, wọn yóò ti ọ́fíìsì pa, Mákánjúọlá yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ nítòsí Lekki Deep Sea Port. Iṣẹ́ yẹn ló ń mú un jáde kí Olúwatómisìn, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó jí, tí yóò sì dé bá a lójú oorun. Ọmọ náà ti fìgbà kan pè é ní àǹkù, bí ẹni pé àlejò ni. Ó dùn ún dọ́kàn.

Níbo ni wọ́n wá ti rí ẹ̀rọ náà? Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, ibẹ̀ ni irú rẹ̀ ti ń gbé orin hàn rekete lára ògiri nígbà ìsìn alẹ́. Mákánjúọlá ní kí Akínọ̀ṣọ́, tó ń bójú tó ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì, bá òun ra irú rẹ̀ gan-an. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé, iwájú pẹpẹ ni wọ́n gbé e sí fún àdúrà láti ọjọ́ Àìkú, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tàn án wò lálẹ́, nítorí ohun tuntun kì í dé ọ̀dọ̀ wọn láìkọ́kọ́ dé ilé Ọlọ́run.

"Dádì Tómi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ ọ́fíìsì ká try ẹ̀ ná," Sẹ̀gilọlá ti sọ bẹ́ẹ̀.

"Ohun tí wọ́n fi ń sin Ọlọ́run lo fẹ́ máa try? Kí Brother Akínọ̀ṣọ́ má lọ rò pé a ò fọkàn tán òun!"

Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà. Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n àdúrà kì í sọ fèrèsé di ògiri, fèrèsé gíláàsì ló sì yí ọ́fíìsì wọn ká.

Aṣojú ilé-iṣẹ́ náà, Àlàájà Mọ̀nsúrát, dé lásìkò. Wọ́n kí i, wọ́n fún un lómi, Mákánjúọlá sì tan ẹ̀rọ. Oòrùn ti wọlé ṣáájú àlejò. Òjìji bàìbàì kan ló hàn lára ògiri. Àlàájà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, kò rí nǹkan kan kà.

"Ẹ má bínú, mà, ó ṣì ń gbóná ni," ni Mákánjúọlá wí.

Sẹ̀gilọlá sáré kó aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn jáde nínú ọkọ̀, ó ta á bo fèrèsé. Aṣọ funfun o! Ìmọ́lẹ̀ kàn gba inú rẹ̀ kọjá wọlé ni. Àlàájà bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Mákánjúọlá kò lè rẹ́rìn-ín. Ó rọra jókòó, "àǹkù" yẹn sì ń dún létí rẹ̀.

"Níbo lẹ ti dán an wò?" Àlàájà bi í.

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mà. Lálẹ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Àbẹ́là gan-an ń tàn nínú òkùnkùn. Ẹ wo ara páálí yìí, wọ́n kọ lumens, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, gọbọi síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò rí ANSI níbẹ̀. ANSI lumens ni ìwọ̀n tòótọ́. Èyí tó kù, ẹnu ọlọ́jà ni. Fún yàrá tó mọ́lẹ̀ báyìí, ó yẹ kó lé ní three thousand five hundred ANSI. Kí lẹ fẹ́ máa fi hàn?"

"Slides àti chart, mà," ni Sẹ̀gilọlá dáhùn.

"Ẹ béèrè native resolution ẹ̀, ìyẹn iye àmì tín-ín-tín tí ẹ̀rọ náà gan-an fi ń ya àwòrán, kí lẹ́tà kékeré má baà fọ́. Ẹ wọn àyè láti orí tábìlì dé ògiri kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà, kẹ́ ẹ lè mọ bí àwòrán ẹ̀ á ṣe tóbi tó. Ẹ gbé laptop yín lọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, ẹ ní kí wọ́n ṣí kọ́tìnì. Ẹ béèrè bí bulb ẹ̀ ṣe máa pẹ́ tó, àti ẹni tó máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́. Ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn ò yẹ adìẹ. Ẹ̀rọ yín ò burú, ibí yìí ni ò bá a mu."

Ó dìde. "Batch àkọ́kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nítorí èkejì."

Àdánù ni, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún Akínọ̀ṣọ́, kò bínú rárá. "Ẹ ò sọ fún mi pé ọ̀sán lẹ fẹ́ máa lò ó," ó ní, òun fúnra rẹ̀ ló sì mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan. Ọlọ́jà ń kùn nítorí kọ́tìnì tí wọ́n ní kó ṣí. Mákánjúọlá rìn dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ka lẹ́tà tó kéré jù kó tó sanwó. Wọ́n fi kọ́tìnì tó nípọn sí fèrèsé ọ́fíìsì, wọ́n fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Wọ́n gbé èyí tuntun lọ síwájú pẹpẹ o, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti dán an wò ní ọ́fíìsì.

Nígbà tí Àlàájà padà wá, ẹ̀yìn pátápátá ló lọ jókòó sí. Ó ka ìlà tó kéré jù sókè: "Dé akoto ààbò rẹ kí o tó wọlé." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ máa múra sílẹ̀. Tiyín ni batch kejì."

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí Mákánjúọlá fi délé. Olúwatómisìn sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ń pariwo "Dádì mi!"

Ìwọ tó ń ka èyí, ohunkóhun tó o bá fẹ́ rà fún iṣẹ́ rẹ, ibi tó o ti máa lò ó àti àsìkò tó o máa lò ó ni kó o ti dán an wò. Má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa ọ́ lẹ́nu mọ́ nítorí pé ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ará mọ́sáláṣí rẹ ló bá ọ rà á. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ kò ní bínú pé o béèrè.