Ebè Àna

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá kù díẹ̀ kó parí, gbogbo ará Lèma wọ aṣọ tó dáa, wọ́n gba ṣọ́ọ̀ṣì Dassa lọ síbi ìgbéyàwó Claudine. Zéphirin nìkan ló gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, tó gba oko lọ.

Oko Ẹ̀ta, bàbá Claudine, ló ń lọ. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ẹnìkan ní Lèma gbọ́dọ̀ máa kọ ebè fún àna rẹ̀ lọ́dọọdún, títí wọn yóò fi fún un níyàwó. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n Zéphirin ti ń hù ló ti ń kọ ebè fún Ẹ̀ta nítorí Claudine. Nígbà tó yá, Narcisse, òṣìṣẹ́ ìjọba, dé láti Kútọnu tòun ti kóòtù àti mọ́tò, ni Ẹ̀ta bá ní òun kò bá àgbẹ̀ kankan ṣe àdéhùn. Ọ̀dàlẹ̀ ni bàbá yẹn, kò sí orúkọ mìíràn fún un. Zéphirin fẹ̀jẹ̀ sínú, ó tutọ́ funfun jáde, ó tilẹ̀ kí i kú oríire.

Ẹ̀san ló wá gbà lóko lówùúrọ̀ yìí. Ó ń tú ebè ká, ó ń fa ìtàkùn tu, ó ń fi ọkọ́ bẹ́ iṣu tí kò tíì gbó. Inú rẹ̀ ń dùn. Ebi ọdún yìí ni yóò rán Ẹ̀ta létí àdéhùn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Claudine ni, nínú aṣọ funfun tó ti kún fún erùpẹ̀, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí àlùfáà bi í bóyá ó gba Narcisse, ó ní òun ti ní ọkọ, ó sì jáde. Bàbá rẹ̀ kọ̀ ọ́ lọ́mọ lójú gbogbo èrò. Ìyá Zéphirin ló sọ fún un pé ọmọ òun ti gbé ọkọ́ lọ sóko náà, ayọ̀ sì ni Claudine fi sáré wá: ó rò pé Zéphirin ṣì ń ṣiṣẹ́ àna.

Claudine wo àwọn ebè tó ti tú ká.

“Zéphirin, ta ni o kọ ebè wọ̀nyí fún?”

“Bàbá rẹ ni. Òun ló dalẹ̀.”

“Èmi rò pé èmi ni.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìdajì iṣu kan. “Ìyá mi àgbà ní nígbà tí àwọn baba wa sá gun òkè fún ogun Dàhòmì, ebè wọn ni àwọn ọmọ ogun kọ́kọ́ tú. Mi ò mọ̀ pé ará ilé lè ṣe é.”

Zéphirin ní òun yóò tún un kọ. Claudine ju ìdajì iṣu náà sílẹ̀. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó gba ọ̀nà Glazoué lọ, ibẹ̀ ló sì ti bímọ fún ẹlòmíràn.

Zéphirin kọ gbogbo ebè náà padà fún Ẹ̀ta lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àti lọ́dọọdún, títí bàbá náà fi kú. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é, kò sì sí ìyàwó nídìí rẹ̀.