Díṣì Tó Kọjú Sí Ìlà-Oòrùn

Fáìzàh di àkàbà mú ṣinṣin, bàbá rẹ̀ Fàtáì sì ń so díṣì mọ́ orí òrùlé ilé tuntun kan ní Ijoko. Fàtáì kì í fi ẹ̀rọ wá ibi tí díṣì yóò kọjú sí. Á dúró bí ẹni tó fẹ́ kírun, á wá yà díẹ̀ sí ọ̀tún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ àwòrán kì í pẹ́ jáde.

Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣàlàyé. Ó ní sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n kò dúró sójú kan o. Òkè réré ló wà, ó ń bá ayé yí pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ìyẹn ló fi jọ pé kò mira. Àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ wà nísàlẹ̀, wọn kì í lo wákàtí méjì kí wọ́n tó yí ayé po. Àwọn tó ń júwe ọ̀nà fún fóònù wà láàárín.

"Kálukú ló ní ọ̀nà tiẹ̀," ni Fàtáì wí.

Fáìzàh gbọ́, kò kà á sí. Ìwé mẹ́fà péré ni bàbá rẹ̀ kà.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ìdánwò físíìsì. Ẹni tó bá ṣe ipò kìn-ín-ní ni yóò ṣojú ilé ìwé wọn nínú ìdíje ní Abẹ́òkúta. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Déọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un ní ìwé pélébé kan tí wọ́n ti kọ gbogbo ìdáhùn sí. Ojú kọ́kọ́ ti Fáìzàh, ṣùgbọ́n ó gbà á.

Ìbéèrè kẹta ni pé kí ló dé tí díṣì ilé kì í yí tẹ̀lé sátẹ́láìtì rẹ̀. Ìwé pélébé náà ní sátẹ́láìtì ọ̀hún dúró sójú kan ni, kì í rìn. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. Ó rò ó pé ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé yóò sàn ju ọ̀rọ̀ orí òrùlé lọ, ló bá kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé tó ń kọ́ wọn ní físíìsì to ìwé mẹ́rin sórí tábìlì. Àṣìṣe kan náà ló wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Déọlá àti àwọn méjì yòókù ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Fáìzàh ló ṣì gba máàkì jù. Bó bá dákẹ́, òun ni yóò lọ sí Abẹ́òkúta.

Ó dìde. "Sà, mo jí i wò ni. Bàbá mi ti kọ́ mi ní òótọ́ ibẹ̀, mi ò kà á sí."

Òdo ni wọ́n fún un, Seth, ọmọ kíláàsì wọn tí kò jí ìwé wò, ni wọ́n sì mú. Ó sunkún délé.

Lọ́jọ́ Sátidé tí Seth lọ sí Abẹ́òkúta, ìdí àkàbà ni Fáìzàh wà. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Fàtáì sọ̀ kalẹ̀, ó di àkàbà mú fún un.

"Gòkè lọ," ló wí. "Ìwọ lo máa kọjú eléyìí síbi tó yẹ."

Fáìzàh gòkè, ó dúró bí ẹni fẹ́ kírun, ó yà díẹ̀ sí ọ̀tún. Kò pẹ́ tí onílé fi ké láti inú pálọ̀ pé àwòrán ti dé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ẹni tó fojú tín-ín-rín ẹ̀kọ́ ilé, tó lọ jí ti ìta wò, yóò pàdánù ohun tó ti jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.