Orúkọ Tí Kò Lámì Ohùn

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá òótọ́ ni. Ó ṣojú mi kòró, ọ̀sán gangan ni, n kò sì mutí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún kóòdù, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, ṣe. Ọ̀kan wà tó ń mú kí àpótí gíláàsì tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí máa móoru. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá wù ló lè tún un ṣe, ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó ń tún un ṣe àfi èmi. Bàbá kan tí a ń pè ní Àgbà ló kọ ọ́ kó tó kú. Yorùbá ló fi sọ ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórúkọ, láìsí àmì ohùn, torí kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kò gbà á.

Kóòdù náà ti gbó. Bí a bá ti gbé e fún kọ̀ǹpáílà, ògbufọ̀ tó ń sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ, ìkìlọ̀ á máa rọ́ jáde. A kì í kà á sí. Ìkìlọ̀ kì í dá iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń darí àpótí lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ tuntun kò sì ní gba kóòdù tó bá ní ẹyọ ìkìlọ̀ kan nínú. Ọmọ àbúrò mi obìnrin wà nínú àpótí níbẹ̀. Mo di àmùrè gírí.

Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó ku ẹyọ kan: "Ẹnikẹ́ni kò pe ma_pa_a." Mo ṣí i wò. Òfìfo ni, orúkọ lásán tí ìlà kankan nínú kóòdù kò pè síṣẹ́. Mo kà á sí "máa pa á." Ara bù mí máṣọ. Irú orúkọ wo nìyí nínú ohun tó ń tọ́jú ọmọ? Mo yọ ọ́ dànù.

Fáànù dúró. Iná kò lọ. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́.

Mo tún gbé e fún kọ̀ǹpáílà. Ìkìlọ̀ náà ṣì wà, ó ń tọ́ka sí ìlà kan tó kọjá òpin kóòdù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sí. Lọ́tẹ̀ yìí, àmì ohùn wà lórí orúkọ náà.

Má pa á.

Fóònù dún. Àbúrò mi ni.

"Àǹtí mi, àpótí ti ń tutù o!"

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Kò sẹ́ni. Ẹ gbà mí!"

Kóòdù ọwọ́ mi kò tíì kúrò nílé. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo ní irọ́ ni, ọmọ yìí kò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo dá orúkọ náà padà. Mo wá kọ ìlà kan tó ń pè é, kí ìkìlọ̀ lè tán. Mo pe ohun tí n kò mọ̀.

Kọ̀ǹpáílà dákẹ́. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Ó ti ń gbóná," àbúrò mi wí, ó bú sẹ́kún.

"Ó dáa. Sọ fún ẹnjiníà yín pé mo ń fi kóòdù tuntun ránṣẹ́."

Mo gbọ́ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹnjiníà ló dúró tì mí yìí. Ó ní ẹ̀rọ àtijọ́ ti kú láti àárọ̀, àwọn kò mọ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan tó ń gbé àpótí yìí ṣiṣẹ́."

"Kí ló wá ń mú un gbóná?"

"Ó ní kí n bi yín. Ó fẹ́ tú u wò."

Mo gbọ́ ọmọ náà tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ le dáadáa.

"Kó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò," mo wí. "Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ."