Ẹ̀san Tí Ṣèyíọlá Gbé Dání

Láti ọjọ́ tí Ọláyọdé, àbúrò bàbá rẹ̀, ti da ẹrù rẹ̀ sínú òjò lójúlé wọn ní Ekenwan, nílùú Benin, àdúrà kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu Ṣèyíọlá: "Kí n tó kú, ọkùnrin yìí á fojú rí màbo."

Bàbá rẹ̀ kò tíì pẹ́ nínú sàréè tí Ọláyọdé fi gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọbìnrin náà wá ń sùn lórí pákó àwọn onígààrí ní ọjà Santana. Ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́, ebi ń pa á, ìkórìíra ló ń jẹ yó.

Ọmọlará, arábìnrin kan nínú ìjọ Yorùbá, mú un lọ sílé, ó fún un ní yàrá. Kò pẹ́ níbẹ̀. Bí ọkọ Ọmọlará bá ti gbóhùn sókè, Ọláyọdé ni Ṣèyíọlá ń rí. Ó ju àwo mọ́ baálé ilé, ó sì padà sọ́jà.

Lọ́jọ́ kan, ó ra omi bátìrì tó ń jó èèyàn lára ní títì Siluko, ó rọ ọ́ sínú ike, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di ilé Ọláyọdé. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Kẹ̀kẹ́ já sí kòtò, ìdérí ṣí, omi náà sì bo itan rẹ̀. Igbe tó fẹ́ kí Ọláyọdé ké, òun ló ké e.

Ọmọlará bá a ní ọsibítù.

"Mọ́mì, ẹ má sọ pé kí n dárí jì í. Ó yẹ kó jóná ni!"

"Mi ò ní kó o pe ibi ní ire. Ọlọ́run rí i, yóò sì dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà lẹ́jọ́ láti jẹ́, Ṣèyí. Ta ló máa gbà ọ́?"

Ṣèyíọlá wo itan rẹ̀ tó jóná. "Ṣé Jésù á gba irú mi? Mo fẹ́ ba ayé èèyàn jẹ́ o."

"Àwọn tó kàn án mọ́ igi gan-an ló bẹ̀bẹ̀ fún."

Ṣèyíọlá bú sẹ́kún. "Olúwa, gba ẹjọ́ náà lọ́wọ́ mi. Gbà mí lọ́wọ́ ara mi."

Ó padà sí yàrá rẹ̀ nílé Ọmọlará. Ìbínú kò tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bó bá ti ru sókè, ilẹ̀kùn Ọmọlará ló ń kàn, kì í sá síta mọ́. Ó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Lónìí, ó ti fowó ara rẹ̀ háyà ilé, kò sì sí ìbátan tó lè lé e.

Ọláyọdé ṣì wà nínú ilé tó gbà. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe Ṣèyíọlá báyìí, nítorí ó mọ Adájọ́ tó fi í lé lọ́wọ́.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ta lò ń dọdẹ? Àbí ìwọ ni Ọláyọdé, tí omijé ọmọ òrukàn ń bẹ lọ́rùn rẹ? Ẹ̀san ń bọ̀, kì í ṣìnà ilé. Ọwọ́ kan ló lè dá a dúró, ọwọ́ Jésù tí wọ́n fi ìṣó gún nítorí rẹ. Dì í mú lónìí. Bó o bá kọ̀ ọ́, kí lo máa fi bojú lọ́jọ́ ìdájọ́?