Ilẹ̀kùn inú Fọ́tò Kẹta

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí èèyàn bá kó ẹrù kan náà sílé ẹni mẹ́ta fún ìpamọ́, tó wá padà lọ gbà á, kí ló lè sọ ọ̀kan di ohun mìíràn? Ẹ má tíì dáhùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó ṣojú rẹ̀ ṣì wà láyé, ó ń jẹ, ó ń mu. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi í, kó sì máa wo ojú rẹ̀ bó bá ṣe ń dáhùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Àgbà ní kíláàsì, torí òun ló dàgbà jù níbẹ̀. Ọdún tó yẹ kó fi kàwé, ìtọ́jú ìyá rẹ̀ ló fi ṣe. Àwọn mẹ́ta ló ń gbé ilé náà: màmá, Àgbà, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Iyè màmá ti rà. Á jáde láì wọ bàtà, á máa wá ilé tí wọ́n ti wó tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ìta nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àdéhùn: ẹni tó bá tì í kò gbọdọ̀ kúrò nílé.

Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan tì í, ó sì jáde. Ooru mú gan-an lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí wọ́n fi máa dé, màmá ti kú sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ pákó. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó ní kíṣìnnì, níbi tó máa ń wà.

Ẹ̀gbọ́n ní òun ti lọ síbi iṣẹ́ láti ìdájí, òun ò sì yà sílé. Ó ní Àgbà ló jáde kẹ́yìn. Àgbà ò lè jiyàn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò rántí ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹbí gbà pé òun ni. Òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Látìgbà náà, bó bá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ẹni ń kí ògiri ni.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ wá fún wọn nílé ìwé kò le. Kí wọ́n fi ìkànnì ayélujára mẹ́ta tí àwọn èèyàn ń kó fọ́tò sí wéra, kí wọ́n sọ èyí tó dára jù. Àgbà àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Rédíò ni wọ́n jọ fẹ́ ṣe é. Ẹ ò ní bi mí pé kí ló dé tó fi ń jẹ́ Rédíò. Òun ló ní kí wọ́n fi fọ́tò kan náà sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n gbà á padà, kí wọ́n wo èyí tó bàjẹ́. Àgbà wá inú fóònù rẹ̀, ó mú fọ́tò yàrá màmá. Àárọ̀ ọjọ́ tí màmá kú gan-an ló yà á, nítorí kọ́tìnnì olódòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ́ ojú fèrèsé. Màmá jókòó létí ibùsùn, ó ń wo òdòdó. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu.

Ìkànnì kẹta máa ń dá ojú èèyàn mọ̀. Tí ẹ bá ti sọ ẹni tí ẹnìkan jẹ́ fún un, òun fúnra rẹ̀ á máa kọ orúkọ sábẹ́ ojú onítọ̀hún. Àgbà kó fọ́tò ẹbí sí i kí wọ́n lè dán an wò. Ó kọ "Màmá." Ó kọ "Ẹ̀gbọ́n."

"Orúkọ ẹ̀gbọ́n yín gan-an ńkọ́?" Rédíò bi í. "Àbí ẹ̀rọ á nà yín ni?"

"Ẹnu mi ò gbà á. Ọwọ́ mi náà ò gbà á."

Rédíò rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, àwọn á kọ ọ́ fún olùkọ́ pé ìkànnì kẹta ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n gba fọ́tò náà padà sórí kọ̀ǹpútà kíláàsì. Àwọn yòókù ti lọ. Fáànù òkè ń yí jẹ́jẹ́. Ti ìkànnì kìíní kò bàjẹ́. Ti èkejì ṣú díẹ̀. Ti ẹ̀kẹta mọ́ kedere, ó mọ́ ju ti inú fóònù lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí dé ìdajì péré.

Rédíò ní bóyá àwọn ṣi fọ́tò gbé. Wọ́n tún un gbà. Ilẹ̀kùn ti sún sí i. Màmá kò wo òdòdó mọ́. Ó ti yí ọrùn sí ọ̀nà ilẹ̀kùn.

Rédíò dákẹ́. Ìyẹn nìkan tó láti dẹ́rù bani.

Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní kí àwọn pa kọ̀ǹpútà, ìkànnì méjì tó kù ti tó fún iṣẹ́ náà. Àgbà kọ̀. Ẹ má pè é ní ìgboyà. Ó ti sú u ni. Ẹni tí ẹrù ti pẹ́ lọ́rùn rẹ̀ á fẹ́ mọ̀ bóyá tòun ni.

"Tún un gbà."

"Àgbà, ẹ jọ̀ọ́."

"Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni mo máa rí níbẹ̀, jẹ́ kí n rí i."

Fáànù dúró. Iná ò lọ o, kọ̀ǹpútà ń tàn. Fáànù ṣáà dúró. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, wọ́n gbọ́ ohun kan, kékeré báyìí, bí ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ń yí. Àwọn méjèèjì bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan.

Fọ́tò dé. Màmá ti dìde. Ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ sọ pé kẹ́nìkan dúró. Ilẹ̀kùn ku díẹ̀ kó pa dé. Ọwọ́ kan di etí rẹ̀ mú láti ìta. Lókè ọwọ́ náà, nínú òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú èèyàn yọ ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ṣí fóònù. Nínú fóònù, màmá ṣì jókòó, ó ń wo òdòdó, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Rédíò ti gbé àpò kọ́ èjìká.

Ìkànnì fa ìlà yí ojú àkọ́kọ́ ká. Ó kọ "Màmá." Ó fa ìlà yí èkejì ká. Ó pẹ́ níbẹ̀, bí arúgbó tó ń wá orúkọ ọmọ tó ti pẹ́ tó rí. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí Àgbà ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́:

"Ẹ̀gbọ́n."