Mo Mọ̀ Ọ́n, Kíkùn Ló Kù

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má tíì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Merin ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ọmọ Kottayam ní ìpínlẹ̀ Kerala, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tìrẹ náà ni.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni Merin dàgbà sí. Láti ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un, kì í pa ìsìn jẹ, kò sì sí orin tí kò mọ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Kuwait, kí ọmọ òun di dókítà ló sì ń bẹ Ọlọ́run fún ṣáá. Ṣùgbọ́n Merin ṣe ìdánwò àbáwọlé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó fìdí rẹmi.

Kì í ṣe pé kò mọ̀wé. Àkókò ni kò mọ bó ṣe máa lò. Inú ìwé ìbéèrè lèèyàn ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀, àmọ́ ìwé ìdáhùn ni ẹ̀rọ máa kà, àwọn àmì róbótó kéékèèké tó dúró fún ìdáhùn, tí wọ́n ń fi bírò dúdú kùn. Róbótó tí èèyàn ò bá kùn, òfo ni. Merin ní kí òun ṣe ìṣirò tán ná. Agogo lù mọ́ ọn lọ́wọ́, ìwé rẹ̀ ṣì funfun.

Ló bá padà sílé ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀, ó ń bá àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí jókòó, ojú ń tì í. Ibẹ̀ ni òun àti Bincy ti jọ ń gbé yàrá kan, ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń gba oje lára igi rọ́bà. Chechi ni Bincy ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbẹ̀. Bincy ti mọ Jésù, kì í sì í fi í pa mọ́.

“Chechi, ẹ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì o, àmọ́ ṣé ẹ ti fi ọkàn yín fún Jésù?”

“Pásítọ̀ kékeré, gbé Bíbélì ẹ sọ́hùn-ún, jẹ́ n rójú ka físíìsì mi,” Merin á fèsì. “Ohun tó o fẹ́ sọ, mo ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ẹ. Tí mo bá di dókítà tán, màá ráyè fún un.”

Nínú ìdánwò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ wọn, Bincy ló máa ń gbégbá orókè. Ó kàn máa ń lọ́ra díẹ̀ ni. Èyí sì ń ta Merin lọ́kàn bí ata. Nígbà tí ìdánwò ńlá kù sí dẹ̀dẹ̀, Bincy wá bá a.

“Chechi, ẹ̀yin lẹ ti wọ gbọ̀ngàn yẹn rí. Báwo ni kí n ṣe pín àkókò mi? Olùkọ́ ní ká máa kùn ún bá a bá ṣe ń dáhùn.”

Merin mọ òótọ́. Ta ló tún máa mọ̀ ọ́n jù ú lọ? Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Olùkọ́! Ọdún wo lòun wọ ibẹ̀ gbẹ̀yìn? Tó o bá ń kùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ẹ á túbọ̀ falẹ̀. Fi físíìsì bẹ̀rẹ̀, ṣe gbogbo ẹ̀ tán, kó o wá kùn ún lẹ́ẹ̀kan náà.”

“Ẹ ṣé, Chechi. Ọlọ́run á san án fún yín.”

Àdúrà yẹn gún Merin bí abẹ́rẹ́. Ó yíjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n gba aago ọwọ́ gbogbo wọn lẹ́nu ọ̀nà. Aago ara ògiri nìkan ló kù. Merin fi báyọ́lọ́jì tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn bẹ̀rẹ̀, ó ń dáhùn, ó ń kùn. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí Bincy níwájú, tó ń ṣe ìṣirò kíkankíkan. Ìwé ìdáhùn rẹ̀ ṣì funfun báláú. Ohùn kan nínú Merin ní, “Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ nìyẹn.” Ó tẹrí ba, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Agogo lù. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ wọn di ìwé Bincy mú.

“Sà, ẹ jọ̀ọ́! Mo mọ̀ ọ́n! Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán, kíkùn ló kù!”

“Ọmọ mi, agogo ti lù.”

Merin yege. Ìyá rẹ̀ hó yèè lórí fóònù, wọ́n gé kéèkì. Nínú òjò ni Bincy gbé èso jákì ńlá kan wá láti oko bàbá rẹ̀.

“Ẹ kú oríire, Chechi. Ìmọ̀ràn yín dáa, èmi ni mo lọ́ra jù.”

Kéèkì di iyanrìn lẹ́nu Merin.

Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó wọ aṣọ funfun, aṣọ náà sì ń jó o lára bí aṣọ olè. Tí agogo bá ti lù, ohùn Bincy ló ń gbọ́. Nígbà ààwẹ̀, kò fẹnu kan ẹja, kò fẹnu kan ẹran. Ó tan àbẹ́là títí. Ẹ̀bi náà ò kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ kan ni Bincy pè é lórí fóònù nípa Appa, bàbá rẹ̀. “Chechi, Appa ní orí mi ò gbé ìwé. Wọ́n ti bá mi wá iṣẹ́ sí ìsọ̀ aṣọ. Ẹ bá mi gbàdúrà.”

Merin ò dúró jẹun. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó gun òkè àárín igi rọ́bà lọ nínú òjò, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn pẹ̀lú aṣọ tútù.

“Appa, orí ẹ̀ gbé e dáadáa. Èmi ni mo tàn án. Ọ̀nà tí mo gbà tí mo fi fìdí rẹmi ni mo fi hàn án, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ni.”

Ìyá àgbà ilé náà ló kọ́kọ́ lanu. “Ìwọ tá a fún ní ẹ̀gẹ́ àti ẹja jẹ nígbà tó o bá Bincy wá sílé yìí? Dókítà! Ṣé ìkà ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ ni?”

Bincy wọ ilé ìdáná lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mò ń bínú sí yín, Chechi, mi ò ní purọ́. Àmọ́ gbèsè tí Jésù fi jì mí ju èyí lọ. Mo dárí jì yín. Ṣùgbọ́n èmi ò lè wẹ̀ yín mọ́. Ẹ lọ bá a.”

“Mo ti ń gbàdúrà, Bincy.”

“Ẹ ti ń ka àdúrà ni. Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ ṣe sọ fún Appa.”

“Tí mo bá délé…”

“Rárá o, Chechi. Níbẹ̀ yẹn.”

Lórí sìmẹ́ńtì tútù yẹn ni Merin ti sọ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Olúwa: ìlara, irọ́, ìgbéraga. Kò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Ó bẹ Jésù kó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wẹ òun, Jésù sì wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dìde, ẹrù yẹn ò bá a dìde.

Appa gbé ìwé Bincy tó ti dì fún oníwèé àlòkù padà sórí tábìlì. Láti ìgbà náà, Merin ń wá jókòó ti Bincy, ó gbé aago ka iwájú wọn. “Dáhùn, kó o kùn ún. Má sún un síwájú.” Nígbà tí Bincy tún wọ gbọ̀ngàn náà, kò sí róbótó kan tó ṣófo kí agogo tó lù.

Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? O mọ̀ pé Jésù kú fún ọ. O mọ orin, o mọ ẹsẹ Bíbélì. O ní tó o bá kọ́lé tán, tó o bá ṣègbéyàwó, tí ara bá tù ọ́. Ìwé rẹ funfun báláú níwájú Ọlọ́run. Ẹni tó o sì ṣẹ̀, tó ṣì ń kí ọ tẹ̀ríntẹ̀rín, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yẹn, kó o sọ fún Jésù. Lónìí ni. Nítorí ọjọ́ ń bọ̀ tí wàá di ìwé rẹ mú, tí wàá máa ké pé, “Olúwa, mo mọ̀ ọ́n, kíkùn ló kù!”

Agogo á sì ti lù.